Táyà ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ sódì: Ìdí tó fi yẹ kí o wá ọfà ara táyà rẹ kí òjò tó dé

Ẹni tó bá fi táyà sí ọkọ̀ rẹ̀ nílùú Kano lóṣù Kọkànlá lè wa ọkọ̀ náà fún nǹkan bíi oṣù mẹ́fà láìrí òjò tó lágbára. Ọ̀nà gbẹ, ọkọ̀ ń lọ geere, kò sì sí ohun tó máa sọ fún un pé fọganáísà ti wọ táyà náà sódì.

Ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, tàbí ọjọ́ tó bá rìnrìn àjò lọ sí Port Harcourt tàbí Calabar níbi tí òjò ti máa ń rọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, ni àṣìṣe náà máa fara hàn. Nígbà náà, ọkọ̀ ti wà lórí eré, omi sì ti kún ojú ọ̀nà.

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló mọ̀ pé táyà tó ti jẹ tàbí èyí tó ti gbó léwu. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé táyà tó ṣì dára, tí ojú rẹ̀ kò tíì jẹ rárá, lè di ewu nítorí pé wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí ibi tí kò yẹ. Yíyẹ̀ ẹ́ wò kò gba ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, kò sì gba owó.

Kì í ṣe gbogbo táyà ló ní iwájú àti ẹ̀yìn

Oríṣi mẹ́ta ni ilà tó wà lójú táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pín sí.

Èkíní ni táyà tí ilà rẹ̀ bára mu lọ́tùn-ún àti lósì. Irú èyí kò ní iwájú tàbí ẹ̀yìn. Bí fọganáísà bá ṣe gbé e sórí rímù, ó tọ̀nà.

Èkejì ni èyí tí ilà apá kan rẹ̀ yàtọ̀ sí ti apá kejì. Wọ́n máa ń kọ "OUTSIDE" sí ẹ̀gbẹ́ tó gbọ́dọ̀ kọjú síta, wọ́n á sì kọ "INSIDE" sí ẹ̀gbẹ́ tó gbọ́dọ̀ wà nínú. Tí o bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ, tí o sì ń ka "INSIDE" lára táyà, wọ́n ti wọ̀ ọ́ sódì nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni táyà ọlọ́fà. Ilà rẹ̀ rí bíi lẹ́tà V tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn yí táyà ká. Ọfà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà náà, ọ̀rọ̀ "ROTATION" sì sábà máa ń bá a rìn. Ọfà yìí ló ń sọ apá ibi tí táyà gbọ́dọ̀ máa yí sí nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ síwájú.

Àwọn tó ń fi katakata ṣiṣẹ́ lóko ti mọ èyí tipẹ́. Táyà ńlá ẹ̀yìn katakata tí wọ́n bá wọ̀ sódì kì í lè gbọn ẹrẹ̀ dànù bó ṣe yẹ, kì í sì í di ilẹ̀ mú dáadáa. Ọ̀pọ̀ táyà ọ̀kadà náà ní ọfà lára.

Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ tí òjò bá bá táyà tó wà lódì?

Nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, ilà ojú táyà kò fi bẹ́ẹ̀ níṣẹ́ púpọ̀. Kódà, táyà tí àwọn ọkọ̀ ìdíje Formula 1 ń lò lórí ilẹ̀ gbígbẹ kò ní ilà kankan lójú. Nítorí omi ni wọ́n ṣe ń la ojú táyà.

Bí ọkọ̀ bá ń sáré lórí omi, táyà gbọ́dọ̀ lé omi náà kúrò lọ́nà kí rọ́bà rẹ̀ tó lè kan ọ̀dà. Lára táyà ọlọ́fà, ṣóńṣó V ló kọ́kọ́ máa ń kanlẹ̀. Ó máa la omi sí méjì, apá V méjèèjì á sì máa tì í jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ìgbà tí imú ọkọ̀ ojú omi bá ń la odò kọjá.

Tí wọ́n bá wọ̀ ọ́ sódì, ẹnu V tó là sílẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kanlẹ̀. Dípò kó máa ti omi síta, ńṣe ni yóò máa kó o jọ sí àárín táyà. Bí omi náà bá pọ̀ ju ohun tí ilà lè gbé lọ, yóò wọ abẹ́ táyà, yóò sì gbé e kúrò nílẹ̀.

Nígbà tó bá rí bẹ́ẹ̀, táyà kò kan ọ̀dà mọ́, ó ti ń léfòó. Sitiarín á ṣàdédé fúyẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀. Tó bá tẹ bíréèkì, kò ní mú. Ibi tí ọkọ̀ ti dojú kọ tẹ́lẹ̀ ni yóò máa lọ, bó jẹ́ kòtò ni, bó jẹ́ tírélà ni.

Kì í ṣe pé táyà tí wọ́n wọ̀ bó ṣe yẹ kò lè léfòó. Kò sí táyà tí kò lè léfòó bí omi bá jìn tí eré sì pọ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé èyí tó wà lódì kì í dúró di ìgbà tí eré bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ tó ń sá eré tó mọ̀ pé ọkọ̀ òun ń gbà lábẹ́ òjò lè ti kọjá ààlà láìmọ̀.

Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, táyà ọlọ́fà tó wà lódì lè máa pariwo ju bó ṣe yẹ lọ, ojú rẹ̀ sì lè máa jẹ ségesège.

Kí ló mú kí àṣìṣe yìí rọrùn láti ṣe?

Nàìjíríà ti fìgbà kan rí máa ń ṣe táyà fúnra rẹ̀. Àmọ́ Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ tó wà ní Port Harcourt pa lọ́dún 2007, kò sì pẹ́ sígbà náà tí Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ táyà tó wà lọ́jà ti ń wá báyìí.

Òfin àṣọ́bodè Nàìjíríà kò fàyè gba kíkó táyà àlòkù ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wọlé. Síbẹ̀, táyà tòkunbọ̀ kún ọjà, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Accra àti Kútọnu.

Tòkunbọ̀ kì í sábà wá ní mẹ́rin tó jọra. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó lè ra ẹyọ kan lónìí, kó sì ra òmíràn lóṣù tó ń bọ̀. Báyìí ni táyà ọlọ́fà àti èyí tí kò ní ọfà á ṣe bára wọn lábẹ́ ọkọ̀ kan náà. Fọganáísà tó ti wọ táyà mẹ́wàá tí kò ní iwájú tàbí ẹ̀yìn láti àárọ̀ lè má wo ara ìkọkànlá kó tó gbé e sórí rímù.

Àṣìṣe náà tún lè wáyé lọ́jọ́ tí táyà bá jò. Fọganáísà á tú u kúrò lórí rímù kó lè lẹ̀ ẹ́, nígbà tó bá máa dá a padà, ó lè yí i sí òdìkejì.

Ibi kẹta ni pàṣípààrọ̀ táyà. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ máa ń gbé táyà iwájú ọ̀tún lọ sẹ́yìn òsì kí ojú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè jẹ bákan náà. Èyí kò burú fún táyà tí kò ní ọfà. Àmọ́ bí táyà ọlọ́fà bá ti wà lórí rímù, apá kan ṣoṣo ọkọ̀ ló lè wà. Tí o bá gbé e láti ọ̀tún lọ sí òsì, ọfà tó kọjú síwájú á kọ ẹ̀yìn. Iwájú sí ẹ̀yìn, ní apá kan náà, ni pàṣípààrọ̀ rẹ̀.

Báwo lo ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ?

• Gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí o sì wá ọfà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà tó kọjú síta. Ó lè jẹ́ pé o máa kọ́kọ́ nu eruku kúrò.

• Bí ọfà bá wà ní apá òkè táyà, iwájú ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ nà sí. Bó bá wà nísàlẹ̀, ẹ̀yìn ló máa nà sí lára táyà tí wọ́n wọ̀ dáadáa, torí pé ńṣe ni táyà ń yí po. Má ṣe jẹ́ kí ìyẹn tàn ọ́. Ti ọkọ̀ síwájú díẹ̀ kí ọfà lè bọ́ sókè, kó o tó wò ó.

• Dúró níwájú ọkọ̀, kí o wo ojú táyà. Ṣóńṣó V gbọ́dọ̀ kọjú sílẹ̀. Tí o bá lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ṣóńṣó náà gbọ́dọ̀ kọjú sókè.

• Yẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Ọ̀kan lè tọ́ kí èkejì má tọ́.

Tí wọ́n bá ti wọ̀ ọ́ sódì ńkọ́?

Bí táyà ọ̀tún àti tòsì bá jọ wà lódì, tí wọ́n sì jẹ́ ìwọ̀n kan náà, kò sí ìdí láti tú wọn kúrò lórí rímù. Jáàkì àti sípánà ti tó. Gbé ti ọ̀tún lọ sí òsì, kí o gbé ti òsì wá sí ọ̀tún, ọfà méjèèjì á sì kọjú síwájú.

Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ló wà lódì, fọganáísà gbọ́dọ̀ tú u kúrò lórí rímù, kó yí i padà. Ó yẹ kí wọ́n tún un bálánsì lẹ́yìn náà.

Ní ti ẹ̀sítírà, bí táyà tó wà nínú búùtù rẹ bá jẹ́ ọlọ́fà, apá kan ọkọ̀ ló bá mu. Tí táyà bá jò ní apá kejì, o ṣì lè fi ẹ̀sítírà náà sí i dípò kí o sun ojú ọ̀nà. Àmọ́ rọra sáré, pàápàá tí òjò bá ń rọ̀, kí o sì tún un ṣe bí o bá ti débi tí fọganáísà wà.

Afẹ́fẹ́ inú táyà náà ṣe pàtàkì

Láwọn ọdún 1960, àwọn onímọ̀ ní àjọ NASA l'Amẹ́ríkà ṣèwádìí nípa bí táyà ọkọ̀ òfurufú ṣe ń léfòó lórí pápá tí omi bò. Wọ́n rí i pé bí afẹ́fẹ́ inú táyà bá ṣe dín kù, bẹ́ẹ̀ ni eré tí táyà fi máa léfòó ṣe ń dín kù.

Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò wọn, táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ jẹ́ 30 psi lè léfòó tí eré bá tó nǹkan bíi 90 kìlómítà ní wákàtí kan, bí omi bá ti borí ilà rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá wálẹ̀ sí 20 psi, nǹkan bíi 75 kìlómítà ti tó. Òfin ìrìnnà Nàìjíríà sì fàyè gba ọkọ̀ àdáni láti sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ẹni tí kò rú òfin rárá ṣì lè bá ara rẹ̀ lórí omi.

Bí o bá ti ń wo ọfà, wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àwọn àmì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT lára táyà náà. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019.

Nítorí náà, má ṣe jókòó sínú ọkọ̀ nígbà tí fọganáísà bá ń ṣiṣẹ́. Fi ọfà hàn án kó tó gbé táyà sórí rímù, kí o sì tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó de nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn.