Bí orí sílíńdà gáàsì bá ń jò: ohun téèyàn lè tún ṣe nílé, àti èyí tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn

Àárọ̀ kùtù ni wọ́n sábà máa ń gbọ́ òórùn náà. Wọ́n ti pa gáàsì látàná, iná kò sí lábẹ́ ìkòkò kankan, síbẹ̀ òórùn bíi ti ẹyin tó ti bàjẹ́ gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá á pariwo pé ọmọ ló gbàgbé láti pa á, ọmọ á búra pé òun pa á. Ọmọ lè má purọ́ o. Ó lè jẹ́ pé orí sílíńdà náà, èyí tí àwọn tó ń tún un ṣe ń pè ní fáàfù, ni kò pa dé mọ́.

Ní Pópó Yemọja àti àwọn àdúgbò tó yí i ká, láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹni tó ni sílíńdà nìkan. Ilé fara ti ilé, ìdílé mẹ́rin márùn-ún lè máa dáná ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, àwọn agboolé kan sì wà tí ọkọ̀ panápaná kò lè dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ohun tó jò lọ́dọ̀ ẹnì kan lè gbiná lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kìíní ọdún 2020, gáàsì bú gbàmù ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tà á ní Sabon Tasha, nílùú Kàdúná. Lára àwọn tó kú níbẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Simon Mallam, alága àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára átọ́míìkì ní Nàìjíríà. Gáàsì kò mọ ọ̀mọ̀wé yàtọ̀.

Gáàsì tí wọ́n ń rọ sínú sílíńdà jẹ́ àdàpọ̀ propane àti butane. Nínú sílíńdà, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bó bá ti jáde ló ń di afẹ́fẹ́, lítà kan omi rẹ̀ sì lè di nǹkan bíi lítà 250 afẹ́fẹ́. Fúnra rẹ̀, kò ní òórùn kankan. Òórùn burúkú yẹn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i ni, kí imú lè tètè mọ̀. Ó tún wúwo ju afẹ́fẹ́ tí èèyàn ń mí lọ, nítorí náà kì í gòkè lọ bí èéfín. Ilẹ̀ ló ń bá lọ. Á wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á wọ gọ́tà, níbi tí ilẹ̀ bá sì ti dà gẹ̀rẹ́ bíi ti ẹsẹ̀ òkè Mápó, á máa rọra wọ́ lọ sí ilé tó wà nísàlẹ̀. Bó bá ti tó nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ yàrá, ó ti lè gbiná nìyẹn.

Nítorí náà, kí wọ́n tó máa wá ibi tó ti ń jò, gáàsì tó wà nínú ilé ni kí wọ́n kọ́kọ́ lé jáde. Kí wọ́n ti orí sílíńdà pa, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí wọ́n kó àwọn ọmọdé síta. Kí gbogbo ẹni tó ń dáná nítòsí pa iná wọn, títí kan ẹni tó ń dín àkàrà lójúde. Kí ẹnikẹ́ni má tan iná mànàmáná, kó má sì pa á, torí pé bọ́tìnnì yẹn máa ń ta iná fìrí nínú. Iná ìjọba tún wà níbẹ̀ o. Bí àwọn ọmọ bá fi lè pariwo pé NEPA ti mú iná wá, fíríìjì tí wọn kò yọ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ká má rí i. Bí ibi tí wọ́n ti ń gé iná ilé bá wà níta, tó jìnnà sí òórùn náà, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti gé e. Bí òórùn bá le, tàbí tí wọ́n ń gbọ́ “ṣíìì”, kí gbogbo ilé jáde, kí wọ́n sì pe 615 tàbí 112 láti ìta.

Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ ẹ lọ, kí wọ́n gbé sílíńdà náà sí gbangba, lóòró. Àyẹ̀wò tó kàn, àwọn fọkanáísà ń ṣe é lójoojúmọ́ létí títì: omi ọṣẹ ni. Ẹ po ọṣẹ ìfọṣọ mọ́ omi títí á fi hó, ẹ wá fi kànìnkànìn fi í sí orí sílíńdà yíká. Ibi tí ọṣẹ bá ti ń wú bíi balúùnù, ibẹ̀ ló ti ń jò. Àwọn kan ṣì ń fi ìṣáná wá a. Ẹni tó fi ìṣáná wá a á rí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè má ráyè sọ ibi tó ti rí i.

Bó bá jẹ́ ibi tí régúlétọ̀ ti jókòó lórí fáàfù ni ọṣẹ ti ń wú, tàbí ibi tí ẹnu sítóòfù ti wọ orí sílíńdà kékeré, ọkàn lè balẹ̀ díẹ̀. Fáàfù lè má bàjẹ́ rárá. Róbà rìbìtì kan wà láàárín wọn, kékeré bí òrùka ọmọdé. Ooru àti ọjọ́ ló ń jẹ ẹ́. Á gan, á sán. Kí wọ́n pa gáàsì, kí wọ́n tú régúlétọ̀, kí wọ́n mú róbà náà lọ ra irú rẹ̀ gan-an, kì í wọ́n. Bí tuntun bá wọ̀ ọ́ tí ọṣẹ ṣì ń wú, régúlétọ̀ ló kàn láti pààrọ̀. Kí wọ́n má fi ọ̀rá tàbí tẹ́ẹ̀pù funfun àwọn púlọ́ńbà dí i.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìdí ohun tí wọ́n ń yí láti ṣí i ló ti ń wú, tàbí ọrùn, níbi tí fáàfù ti wọ inú irin sílíńdà, ọwọ́ ará ilé kò ká a mọ́. Ẹlòmíì á ní kí wọ́n bá òun mú púláyà wá, kí òun fún un mọ́ra. Rárá o. Gáàsì ń ti fáàfù náà láti inú tagbára-tagbára. Bí fáàfù bá tú pẹ́nrẹ́n, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ dá a padà.

Èyí tó ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn jù ni kí wọ́n yọ régúlétọ̀ tán, kí gáàsì má dákẹ́. Pín-ìn kékeré kan ló wà ní àárín irú fáàfù bẹ́ẹ̀, tí sípíríǹgì gbé dúró. Régúlétọ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí gáàsì tó jáde. Bí wọ́n bá yọ ọ́, sípíríǹgì á tì í padà sókè. Bí iyanrìn tàbí ìpẹtà bá há sí i, kò ní í padà sáyè rẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá ìṣó tí wọ́n á fi gbá a, tí èyí tó ń jò díẹ̀díẹ̀ á wá tú yàà. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n dá régúlétọ̀ padà, kí bọ́tìnnì rẹ̀ wà ní pípa. Ó sábà máa ń dá gáàsì náà dúró. Bó bá ti ń tú jáde gidi, kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ọn. Omi gáàsì tutù débi pé ó lè bó awọ ọwọ́.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, fáàfù kò ṣẹ̀. Wọ́n rọ gáàsì jù ni. Ó yẹ kí àyè kù lókè, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún, torí pé omi gáàsì máa ń wú nínú oòrùn. Àwọn fáàfù kan ní ihò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí gáàsì á gbà jáde bí inú bá kún jù. Ẹni tó bá rí i kó gbé sílíńdà sí ibòji lóde, kó má dí ihò náà.

Èyí tí imú kò bá gbọ́, òṣùwọ̀n á gbọ́ ọ. Wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n sílíńdà òfìfo sí ara rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ kílò 14 sí ara oní-12.5, kílò 26.5 ló yẹ kó jẹ́ bó bá kún. Bó bá wà lọ́sẹ̀ kan láìdáná, tó sì fúyẹ́ sí i, ó ń jò.

Sílíńdà tó ṣì ń jò kò gbọdọ̀ wọ mọ́tò tàbí ọ̀kadà. Kí wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn tó ń rọ gáàsì níbùdó ńlá kí wọ́n wá wò ó níbi tó wà. Kí wọ́n má gbé e fún wẹ́dà, kódà bó bá ti ṣófo, nítorí gáàsì ìsàlẹ̀ ìkòkò ṣì wà nínú rẹ̀. Bí ibùdó bá sì ti pààrọ̀ fáàfù náà, kí ẹni tó ni ín sọ fún wọn pé kí wọ́n po omi ọṣẹ, kí wọ́n fi í sí orí rẹ̀ lójú òun, kó tó sanwó.