Ìgbòho Mọ́rọ̀, Ìlú Tí Aláàfin Mẹ́rin Sùn Sí

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀pọ̀ nínú yín tí ń ná ọjà Òkè-Ògùn ni ó ti gba Ìgbòho kọjá láìmọye ìgbà. Ẹ ra èlùbọ́, ẹ ra ẹ̀gúsí, ẹ di ẹrù sínú ọkọ̀, ó di Ṣakí, tàbí kí ó di Kìṣí àti Ìgbẹ́tì. Láti ọdún 2021 ni orúkọ ìlú náà ti ń dún lẹ́nu tọmọdé tàgbà nítorí ọmọ ìlú kan, Sunday Adéyẹmọ, ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní Sunday Ìgbòho. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú yìí ti lórúkọ kí a tó bí baba ńlá ẹnikẹ́ni nínú wa, nítorí pé ibẹ̀ ni Ọ̀yọ́ sá sí nígbà tí Ọ̀yọ́ kò ní ilé mọ́.

Bí ènìyàn bá kúrò ní Ṣakí tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn, tí ó sì yà díẹ̀ sí àríwá, yóò rin nǹkan bí 30 máìlì kí ó tó dé Ìgbòho. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni gbogbo rẹ̀. Igi ẹ̀mí tí a fi ń ṣe òrí àti igi igbá tí a fi ń ṣe irú wà káàkiri, wọ́n jìnnà síra wọn bí ẹni tí kò bára wọn sọ̀rọ̀. Nígbà ọyẹ́, koríko a gbẹ, iná a jó o, ojú a sì ríran jìnnà. Iṣu, àgbàdo àti ọkà bàbà a máa ṣe dáadáa níbẹ̀, àwọn Fúlàní a sì máa da màlúù kọjá. Ilẹ̀ tí màlúù ti rí ayé jẹ, ẹṣin náà lè gbé e. Nínú igbó kìjikìji ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, eṣinṣin a máa pa ẹṣin. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ẹṣin ń bọ̀ nínú ìtàn wa.

Ní nǹkan bí sẹ́ńtúrì kẹrìndínlógún, àwọn Tápà kó Ọ̀yọ́-Ilé. Aláàfin Onígbogí sá lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Ọmọ rẹ̀, Òfinràn, kó àwọn ènìyàn padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ikú pa á lójú ọ̀nà. Eégunojú, ọmọ Òfinràn, ni ó wá tẹ Ìgbòho dó, wọ́n sì gbé òkú baba rẹ̀ wá sin síbẹ̀. Ẹ wo ọba tí kò gbé inú ìlú lọ́jọ́ kan láàyè rẹ̀, tí ó wá jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ nínú Igbó Ọba! Lẹ́yìn rẹ̀ ni a sin Eégunojú fúnra rẹ̀, àti Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀, àti Ajíbóyèdé. Àwọn mẹ́rin náà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ ni ológun nínú wọn. Alùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, sọ pé ọba yìí a máa so ewé gbòdògì ńlá mọ́ ìrù ẹṣin àwọn tí ó wà lẹ́yìn ogun, kí ewé náà lè máa gbá ipa ẹsẹ̀ rẹ́ bí wọ́n ti ń lọ. Johnson pè é ní ọkùnrin. Ṣùgbọ́n òpìtàn Òyìnbó kan, Robert Smith, tí ó tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí àwọn Aláàfin Ìgbòho jáde ní 1965, gbọ́ ìtàn pé obìnrin ni Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀, pé àbúrò Eégunojú ni. Ní tèmi, kí olùkọ́ sọ ọ̀nà méjèèjì fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Àwọn ọmọbìnrin tí ó wà ní kíláàsì yóò jókòó dáadáa.

Nígbà ayé Ajíbóyèdé ni Lájọmọ, ọba Tápà, tún gbógun dé. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé Ọ̀sì Ìwẹ̀fà gba aṣọ ọba wọ̀, ó sì bọ́ sójú ìjà dípò Aláàfin. Àwọn Tápà ta á lọ́fà lọ́fà. Ó kú, ṣùgbọ́n ọfà tí ó gún un káàkiri kò jẹ́ kí ó ṣubú, ó dúró ṣánṣán, eyín rẹ̀ sì hàn bí ẹni tí ń rẹ́rìn-ín. Jìnnìjìnnì bo àwọn Tápà nígbà tí wọ́n rí ọba tí ń rẹ́rìn-ín sí ọfà. Wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, a sì mú Lájọmọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a dé ibi tí Ìgbòho gbé gba orúkọ Mọ́rọ̀. Abípa ni ó jọba lẹ́yìn Ajíbóyèdé, ó sì fẹ́ kó ìjọba padà sí Ọ̀yọ́-Ilé, tí ó tó nǹkan bí 40 máìlì sí ìlà-oòrùn. Àwọn ìjòyè kò fẹ́. Èmi kò lè bá wọn wí púpọ̀. Ìgbòho ni a bí wọn sí, ibẹ̀ ni oko wọn wà, ibẹ̀ ni ìyá wọn sùn sí. Àwọn baba ńlá wọn nìkan ni ó mọ Ọ̀yọ́-Ilé. Ẹni tí ó ti fi ogún ọdún kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ìlú onílùú, tí a wá ní kí ó di ẹrù padà sí abúlé baba rẹ̀, mọ ohun tí mò ń wí.

Wọn kò kọ̀ fún ọba lójú rẹ̀. Nígbà tí Abípa rán àwọn ènìyàn lọ wo ìlú àtijọ́ kí wọ́n sì rúbọ níbẹ̀, àwọn ìjòyè yára kó abuké, arọ, àfín àti oríṣiríṣi ènìyàn tí ìrísí wọn ṣàjèjì lọ sórí òkè Àjàká ní Ọ̀yọ́-Ilé. Bí ilẹ̀ ti ṣú, àwọn wọ̀nyí tan ògùṣọ̀, wọ́n ń ké lórí òkè, wọ́n ń wí pé kò sí àyè fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ìránṣẹ́ ọba kò dúró gbọ́ ìyókù. Wọ́n sáré padà wá jíṣẹ́ pé àwọn ọ̀rọ̀, iwin inú igbó, ti gba ìlú.

Àṣírí tú sí ọba lọ́wọ́. Kò pariwo. Ó rán àwọn ọdẹ tí ó gbójú lọ, wọ́n sì ká gbogbo iwin náà mọ́ orí òkè, wọ́n kó wọn wá sí ààfin ní òkùnkùn. Nígbà tí ó di ọjọ́ ìpàdé, tí àwọn ìjòyè jókòó, ọba ní kí a gbé ọtí wá fún wọn. Igbá ọtí ìjòyè kọ̀ọ̀kan, iwin tirẹ̀ gan-an ni ó gbé e wá fún un! Ta ni yóò sọ̀rọ̀? Wọ́n mu ọtí náà, wọ́n sì dìde lọ. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń pe Abípa ní Ọba Mọ́rọ̀, ọba tí ó mú ọ̀rọ̀, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ìlú.

Èyí tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò pani lẹ́rìn-ín. Àwọn ìjòyè fura pé Ológbò, olórí arọ́kin, ni ó tú àṣírí náà, wọ́n sì fún un ní májèlé jẹ. Síbẹ̀ Abípa lọ, Ọ̀yọ́-Ilé sì padà di olú ìlú. Nígbà tí ìjọba náà gbòòrò ní sẹ́ńtúrì méjì tí ó tẹ̀ lé e, agbára ẹṣin ni ó fi ń jà.

Ìgbòho kò tú. Nígbà tí Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John gba ibẹ̀ kọjá ní 1830, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé odi ìlú náà jẹ́ ìpele mẹ́ta, pé àyíká rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20 máìlì, àti pé màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ ń jẹko nínú odi níbẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, láàárín àwọn ọdún 1830 sí 1840, Ọ̀yọ́-Ilé tú pátápátá nígbà ogun Ìlọrin. Àwọn kan sá lọ sí Kìṣí, àwọn kan sá wá sí Ìgbòho. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí ìlú yìí gba Ọ̀yọ́ sílé. Èyí tí Atìbà tẹ̀ dó, tí Aláàfin wà lónìí, jìnnà sí gúúsù. Igbó sì bo Ọ̀yọ́-Ilé. Láti 1991 ni ó ti wà nínú ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀, níbi tí ẹtu àti ọ̀bọ ń gbé.

Ìgbòho ṣì ń jí lójoojúmọ́, ó ń dáná, ó ń lọ sí oko. Ní ọjà ibẹ̀, mo bi ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan nípa Igbó Ọba. Ó fi ọwọ́ júwe ọ̀nà láìgbé ojú sókè, ó ní kí n má ṣe dá wọ ibẹ̀, kí n kọ́kọ́ lọ kí Alépatà, ọba ìlú, kí wọ́n fún mi ní ẹni tí yóò mú mi lọ. Lẹ́yìn náà ni ó bi mí bóyá màá ra èlùbọ́ tàbí n kò ní rà.