Ìbálò àti Ìbálòpọ̀: Ìtumọ̀ àti Ìlò Wọn

Inú ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà, bá...lò, ni ọ̀rọ̀-orúkọ méjèèjì tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí ti jáde. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- ni a fi ṣẹ̀dá wọn. Pọ̀ tí ó wà nínú èkejì nìkan ni ó yà wọ́n. Síbẹ̀, ìbálò ṣeé sọ níbi gbogbo, ìbálòpọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àárín agbo.

Ẹ wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí:

(1a) Ìbálò àwọn méjèèjì dán mọ́rán.
(b) Ọkùnrin náà ṣòroó bá lò.
(d) Ọkùnrin náà ti bá obìnrin yẹn lò pọ̀.

Bí ènìyàn ṣe ń bá ọmọnìkejì rẹ̀ gbé ni (1a) àti (1b) ń sọ. Ọ̀rọ̀ ibùsùn ni (1d). Bí a bá sì ní 'ó ti bá a lò', ọ̀nà méjèèjì ni etí lè gbà á.

Ẹnì kan lè rò pé pọ̀ ni ó fa ìyàtọ̀ yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀: pọ̀ wà nínú ìbáṣepọ̀ àti ìbágbépọ̀, kò sì sí ẹni tí ojú ń tì láti sọ̀rọ̀ nípa ìbáṣepọ̀ Nàìjíríà àti Benin. Àdàpè ni ó fà á. Yorùbá kì í dárúkọ ohun ìkọ̀kọ̀ ní gbangba. Ọ̀rọ̀ tí kò lábàwọ́n ni a máa ń yá fún un. Bí ìlò náà bá ti pẹ́, ìtumọ̀ tí a fi pamọ́ yóò gba ipò mọ́ èyí tí ó bá níbẹ̀ lọ́wọ́. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ 'ìbálòpọ̀ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́' nígbà tí àjọṣepọ̀ wà lọ́kàn rẹ̀ ti fi ẹ̀sùn ńlá kan olùkọ́.

Ibi tí ọ̀ràn ti le jù ni ìfipábánilòpọ̀. Bá àti pọ̀ ń sọ pé ẹni méjì jọ ṣe nǹkan. Fipá nìkan ni ó ń sọ pé ẹnì kan kò fẹ́. Bí ògbufọ̀ ilé-ẹjọ́ bá jẹ́ kí fipá bọ́, ọ̀ràn ti di ìfẹ́ inú ẹni méjì. Fipá pàápàá kò sì kárí. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 tí ó ka ìwà ipá sí ènìyàn léèwọ̀ kò dúró lórí ipá nìkan. Àìyọ̀ǹda ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, títí kan ìyọ̀ǹda tí a fi ìhàlẹ̀, ẹ̀tàn tàbí oògùn gbà. Ẹni tí oògùn ti gba iyè rẹ̀ kò lè jà; ta ni yóò rí ipá níbẹ̀? A dábàá pé kí ògbufọ̀ àti olùkọ́ máa fi 'láìjẹ́ pé ó yọ̀ǹda' ṣe àlàyé kún ọ̀rọ̀ náà.

Ní ìgúnlẹ̀, iṣẹ́ àdàpè ni láti bo ohun ìtìjú. Kò yẹ kí a jẹ́ kí ó bo ìwà ìkà.