Níbo ni Irin Ti Wá?

Nígbà tí a lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní Ìkàrẹ́, mo ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ọkọ́ àti àdá, ni ọmọkùnrin kékeré kan bá nawọ́ sókè, ó ní, “Tíṣà, níbo ni irin ti wá?” Mo dáhùn pé láti inú ilẹ̀ ni. Ó tún ní, “Ta ni ó gbé e síbẹ̀, sà?” Ojú tì mí, mo sì yára pa ẹ̀kọ́ dé. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe kọ èyí sí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, kí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ má baà bá yín lójijì.

Inú ìràwọ̀ ni irin ti wá. Ooru inú ìràwọ̀ ńlá ni ó ń gbé ìwúwo rẹ̀ dúró, bí òpó ti ń gbé àjà. Lọ́jọ́ tí ohun tí ó ń jó nínú rẹ̀ bá tán, òpó ṣẹ́ nìyẹn: àárín ìràwọ̀ náà a wó sínú ara rẹ̀, ìyókù a sì bẹ́ gbàmù, a fọ́n ká ojú ọ̀run. Nínú ìbẹ́ náà ni a ti ń rọ irin. Irú ìràwọ̀ mìíràn wà, kékeré tí iná rẹ̀ ti kú, tí òun náà lè bẹ́. Irin tirẹ̀ a tilẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ayé tó wà ni irú wọn ti da irin sínú ekuru tí a fi mọ ayé.

Báwo ni a ṣe mọ̀? Ẹ lọ wo alágbẹ̀dẹ. Bí ó ti ń fẹ́ ẹwìrì, irin a kọ́kọ́ pọ́n, lẹ́yìn náà a di funfun. Bí ooru ti ń pọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń yí padà. Ooru àwókù ìràwọ̀ ju mílíọ́nù ìwọ̀n kan lọ fíìfíì, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ti ré kọjá èyí tí ojú lè rí. Ó ti di X-ray, irú èyí tí àwọn oníṣègùn fi ń wo egungun. Irin ní X-ray tirẹ̀, imí ọjọ́ ní tirẹ̀, bí olúkúlùkù ènìyàn ti ní ohùn tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí a ń mí kò jẹ́ kí ó kọjá. Oore ni èyí fún ara wa, nítorí X-ray a máa pa ènìyàn lára; ìdènà ni fún ojú wa. Ẹni tí ó gun òkè Ọ̀kà dé ṣóńṣó kò ní rí i. Àfi kí a gbé awò kọjá afẹ́fẹ́.

Ilẹ̀ Áfíríkà tiwa yìí ni sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tí a ṣe fún kìkì iṣẹ́ X-ray ojú ọ̀run ti gbéra, ní etí òkun Kẹ́nyà, ní ọjọ́ 12 December, 1970. Àyájọ́ òmìnira Kẹ́nyà ni ọjọ́ náà, nítorí náà wọ́n sọ ọ́ ní Uhuru, èyí tí í ṣe òmìnira ní èdè Sùwàhílì. Chandra gòkè ní 1999. Dígí rẹ̀ kò rí bí ti inú yàrá wa, nítorí X-ray tí ó bá kọjú sí dígí gan-an yóò wọ inú rẹ̀ lọ ni. Wọ́n ṣe wọ́n bí àgbá tí kò ní ìdí, tí a ki ọ̀kan bọ inú èkejì, kí X-ray lè fi ẹ̀gbẹ́ ha wọ́n kọjá bí òkúta pẹlẹbẹ tí ọmọdé sọ sí ojú omi. Ó wo àwókù tí a ń pè ní Cassiopeia A, ó sì rí irin níbẹ̀, àti imí ọjọ́.

Àwókù tí èmi fẹ́ràn jù ni Alákàn. Àwọn ará Ṣáínà rí ìbẹ́ rẹ̀ ní 1054. Ọjọ́ 23 ni ó fi hàn ní ọ̀sán gangan bí Àgùàlà. Ní 1965, ọmọ Nàìjíríà kan, Samuel Okoye, pẹ̀lú Antony Hewish ní Cambridge, kéde pé ohun kékeré kan ń dún kíkankíkan nínú rẹ̀ lójú ẹ̀rọ rédíò. Lẹ́yìn náà ni a mọ̀ pé àárín ìràwọ̀ tí ó wó ni, tí ó ń yí ní ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Chandra ti ya àwòrán òrùka ìmọ́lẹ̀ tí ó yí i ká.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, mo dúró pẹ̀lú ọmọ náà ní iwájú ilé bàbá rẹ̀, mo sì nàka sí ibi tí Alákàn wà, lẹ́bàá ìwo àwọn ìràwọ̀ tí a ń pè ní Akọ Màlúù. Ó wò ó títí, ó ní òun kò rí nǹkan kan. Mo sọ fún un pé èmi náà kò rí i.