Tẹ́ ẹ bá dé Konstanz, ẹ háyà kẹ̀kẹ́

Ọ̀pọ̀ àlejò tó bá lọ sí Konstanz, lórílẹ̀-èdè Jámánì, kì í kúrò létí omi. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n á ya fọ́tò pẹ̀lú Imperia, ère obìnrin gìrìwò tó ń yí pooyì ní èbúté, wọ́n á lá áísìkiriìmù díẹ̀, ó parí. Wọ́n ti rí Konstanz nìyẹn! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ háyà kẹ̀kẹ́. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá o, kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń sọ.

Etí adágún odò Bodensee ni ìlú náà wà, adágún tí Jámánì, Switzerland àti Austria jọ pín. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kan wà tó yí i ká, nǹkan bíi kìlómítà 260. Èmi ò lágbára ìyẹn ní tèmi, inú ìlú nìkan ti tó mi.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí Imperia. Peter Lenk ló ṣe é lọ́dún 1993, ó ga tó mítà 9. Aṣẹ́wó ló dúró fún, ó sì gbé ọkùnrin kéékèèké méjì oníhòòhò dání, ọ̀kan dé adé Póòpù, èkejì dé adé ọba. Àwọn èèyàn á rí i, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Àmọ́ ilé ńlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ níbẹ̀ ló ni ìtàn náà. Àwọn oníṣòwò ni wọ́n kọ́ ọ fún lọ́dún 1388 láti máa kó ọjà sí. Nígbà tí ọkùnrin mẹ́ta ń pe ara wọn ní Póòpù lẹ́ẹ̀kan náà, Konstanz ni àwọn bíṣọ́ọ̀bù àtàwọn ọba ti pàdé láti yanjú ẹ̀, láti 1414 sí 1418. Inú ilé ọjà yẹn ni wọ́n ti yan Martin Karùn-ún ní 1417.

Ìyẹn ni wọ́n máa ń sọ fún àlejò. Ti Jan Hus ló gba kẹ̀kẹ́.

Àlùfáà ni Hus ní Prague, ó ń bá àwọn aṣáájú ìjọ wí nítorí owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èèyàn lórúkọ ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀. Ọba Sigismund fún un níwèé pé kó máa bọ̀, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án. Kò pé oṣù kan tó dé tí wọ́n tì í mọ́lé. Ilé àwọn mọ́ńkì kan lórí erékùṣù kékeré wà lára ibi tí wọ́n fi í sí. Òtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá ló wà níbẹ̀ báyìí. Mo dúró wò ó, àwọn àlejò ń wọ́ báàgì wọn wọlé.

Ní July 6, 1415, wọ́n dá a lẹ́bi nínú kàtídírà, wọ́n yọ ọ́ lóyè àlùfáà, wọ́n sì mú un jáde sẹ́yìn odi ìlú, wọ́n dáná sun ún láàyè. Wọ́n da eérú ẹ̀ sínú odò Rhine, káwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ má baà rí nǹkan kan kó. Ẹni tí ọba fọwọ́ síwèé fún o!

Àárín ìlú há, òkúta ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ láwọn ibì kan kẹ́ ẹ ti kẹ̀kẹ́ yín. Láti kàtídírà dé ibi òkúta ìrántí Hus, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bó ṣe kúrú tó yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Àpáta dúdú kan ni, wọ́n gbé e síbẹ̀ lọ́dún 1862, láàárín ilé táwọn èèyàn ń gbé. Orúkọ Hus wà lára ẹ̀, ti Jerome ará Prague tí wọ́n sun lọ́dún kejì náà wà níbẹ̀. Èmi nìkan ni mo bá níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń ṣe kàyéfì pé báwo làwọn ilé àtijọ́ yìí ò ṣe wó nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ohun táwọn ará ìlú ń sọ ni pé wọn ò paná lálẹ́, káwọn tó ń ju bọ́ǹbù lè rò pé Switzerland ni. Kẹ̀kẹ́ máa jẹ́ kẹ́ ẹ gbà wọ́n gbọ́, torí Kreuzlingen, tí í ṣe Switzerland, fara kan Konstanz gbágbáágbá. Wáyà tí wọ́n fi pín wọn níyà létí adágún, 2006 ni wọ́n tó tú u. Àwọn ère ló dúró síbẹ̀ báyìí, mo sì wa kẹ̀kẹ́ gba àárín wọn kọjá, mo ra omi níwájú, ó wọ́n ju ti Jámánì lọ, mo ṣẹ́rí padà. Ẹ ṣáà fi páàsípọ́ọ̀tì sápò. Kò sí géètì níbẹ̀, àmọ́ àwọn aṣọ́bodè lè dá yín dúró.