Àjànàkú Orí Omi: Àwọn Ọkọ̀ Tó Tóbi Jù Láyé àti Àwa Ará Òkè Ọya

Ẹni tó bá ń gbé Zaria, ìlú Zazzau ti Ọbabìnrin Amina, níbi tí ọ̀nà ti jìn sí etí òkun Èkó ju 800 kìlómítà lọ, lè máa rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun kò kan òun rárá, nítorí Kubanni àti Galma ni odò tó mọ̀, àwọn méjèèjì kò sì lè gbé ju ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lọ. Ṣùgbọ́n kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rìn wọ ọjà Sabon Gari, kí ó wo jẹnẹrétọ̀, táyà àti aṣọ òkèèrè tí wọ́n tò síbẹ̀, yóò sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti sùn nínú kọ̀ǹtéénà lórí agbami fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ó tó fojú kan ilẹ̀ Hausa.

Kì í ṣe ìgbéraga nìkan ló ń mú kí ọmọ aráyé máa kan ọkọ̀ ńlá. Isambard Kingdom Brunel, onímọ̀ ẹ̀rọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí àṣírí rẹ̀ ní ayé àtijọ́, pé bí a bá sọ gígùn, ìbú àti gíga ọkọ̀ di ìlọ́po méjì, àyè inú rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́jọ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ tí omi ń bá wọ̀yá ìjà yóò di ìlọ́po mẹ́rin péré. Nítorí náà ni epo tí ọkọ̀ ńlá ń jó lórí tọ́ọ̀nù ẹrù kọ̀ọ̀kan fi kéré sí ti ọkọ̀ kékeré. Èrò yìí ló bí Great Eastern, tí wọ́n tì sínú odò Thames ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1858. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 211, èrò 4,000 ni wọ́n sì ṣe é fún. Èrò kò kún un rí, ó sì lé ní 40 ọdún kí a tó rí ọkọ̀ tó gùn jù ú lọ.

Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Erin tòótọ́ láàárín àwọn ọkọ̀ tó ti rìn lórí òkun rí ni Seawise Giant, ọkọ̀ agbépo tí wọ́n kàn ní Oppama ní ilẹ̀ Japan, tí ẹni tó kọ́kọ́ ní kí wọ́n kàn án kọ̀ láti gbà, tí Tung Chao-yung, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ọlọ́kọ̀ ní Hong Kong, wá rà, tó sì ní kí wọ́n tún fi kún gígùn rẹ̀. Mítà 458 ló gùn. Pápá bọ́ọ̀lù mẹ́rin tí a tò tẹ̀lé ara wọn kò tó o. Tọ́ọ̀nù 564,763 ni ẹrù tó lè gbé, bí ó bá sì kún, mítà 24.6 ni ìdí rẹ̀ ń rì sínú omi, débi pé kò lè gba ọ̀nà omi Suez kọjá. Títì tí ogun Ísírẹ́lì àti àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá ní 1967 ti Suez yìí pa títí di 1975 gan-an ló ti sọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ di ohun tí gbogbo oníṣòwò epo ń wá, nítorí epo tó ń lọ sí Yúróòpù ní láti yí gbogbo gúúsù Áfíríkà po. Ní 1988, nígbà ogun Iraq àti Iran, bàálù Iraq ju bọ́ǹbù lù ú nítòsí erékùṣù Larak, ó sì rì. Wọ́n fà á dìde, wọ́n tún un ṣe, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Happy Giant, Jahre Viking, Knock Nevis, gbogbo orúkọ wọ̀nyí ló jẹ́ kí wọ́n tó tú u palẹ̀ ní Alang ní ilẹ̀ India ní 2010. Ìdákọ̀ró rẹ̀, tó wọn tọ́ọ̀nù 36, ṣì wà ní Hong Kong.

Àwọn ọkọ̀ mìíràn kò kúrò nínú èrò ọkàn. A kò gbàgbé ọkọ̀ Nóà, ẹni tí àwọn Mùsùlùmí ń pè ní Ànábì Núhù, tí Bíbélì sọ pé ó gùn ní 300 ìgbọ̀nwọ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Geoffrey Pyke dábàá pé kí wọ́n fi yìnyín tí a pò mọ́ ìyẹ̀fun igi kan ọkọ̀ tí bàálù yóò máa balẹ̀ sí, tí yóò gùn tó nǹkan bí mítà 600. Àwòṣe kékeré ni wọ́n ṣe lórí adágún kan ní Kánádà ní 1943, ọ̀rọ̀ sì tán. Norman Nixon náà ya Freedom Ship sórí ìwé, ìlú tí yóò máa léfòó kiri ayé pẹ̀lú olùgbé 50,000, tí gígùn rẹ̀ yóò ju mítà 1,300 lọ. Ẹnikẹ́ni kò kàn án. Ẹni bá gun igi kọjá ewé, ilẹ̀ ni yóò bá ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òmìrán kan wà tó jẹ́ tiwa. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2018, Egina gúnlẹ̀ sí Èkó láti Geoje ní ilẹ̀ Kòríà, ibi kan náà tí wọ́n ti kan Prelude, ilé-iṣẹ́ gáàsì tó ń léfòó ṣùgbọ́n tí kì í dá rìn, tó gùn ní mítà 488. Egina kì í kó ẹrù kiri; wọ́n so ó mọ́ ojú kan lórí agbami láti máa fa epo rọ̀bì láti ìsàlẹ̀ òkun tó jìn ju mítà 1,400 lọ, kí ó máa sẹ́ ẹ, kí ó sì máa tọ́jú rẹ̀. Ó gùn ní mítà 330, inú rẹ̀ gba àgbá epo mílíọ̀nù 2.3. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú jù ni pé nínú abala ẹ̀rọ 18 tó wà lórí rẹ̀, Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe 6, ní Èkó ni wọ́n sì ti tò wọ́n mọ́ ọn, lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa tó kọ́ iṣẹ́ jíjó irin níbẹ̀. Epo àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún náà.

Lónìí, ọkọ̀ akẹ́rù tó gùn tó mítà 400 ń gbé kọ̀ǹtéénà tó lé ní 24,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èbúté Lẹ́kí, tí wọ́n ṣí ní 2023, jìn ní mítà 16.5, èyí sì jẹ́ kí ọkọ̀ tó tóbi ju ti Àpápá lọ lè gúnlẹ̀ sí i. Àǹfààní ńlá ni, ṣùgbọ́n kí ni ọlọ́jà Sabon Gari yóò fi ọkọ̀ ńlá ṣe, bí ohun tí òkun dín kù lórí owó ẹrù bá tún ṣègbé sọ́wọ́ tírélà lójú ọ̀nà tó bàjẹ́? Ojú irin ni ìdáhùn, kò sì ṣàjèjì sí wa: nítorí òwú àti ẹ̀pà ni wọ́n ṣe fa rélùwéè gba Zaria dé Kánò ní nǹkan bí ọdún 1912. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìrìnnà ọkọ̀ wà ní Zaria gan-an láti 1986, èbúté orí ilẹ̀ sì ti wà ní Kàdúná láti 2018. Ojú irin tuntun ti dé Ìbàdàn láti Èkó, èyí tó wà láàárín Abuja àti Kàdúná ń ṣiṣẹ́, ti Kàdúná sí Kánò, tó jẹ́ kìlómítà 203, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2021. Àárín Ìbàdàn sí Abuja ló ṣófo. Kí ìjọba àpapọ̀ parí èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n dí àlàfo náà, kí wọ́n sì fa irin wọ inú èbúté Lẹ́kí.