Lẹ́tà Abẹ́lé: Bí A Ṣe Ń Dá Ìfitónilétí Kọ̀ǹpútà Dúró Sílé

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń kọ sí olùtọ́jú rẹ̀, àti bí kò ṣe ní jáde nílé. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí a ń tọ́jú máàkì ìdánwò. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Adó-Èkìtì, kọ̀ǹpútà tí a kó máàkì sí ń kìlọ̀ pé díìsìkì òun ń bàjẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́, nítorí òde ni ìkìlọ̀ náà forí lé.

Linux ni kọ̀ǹpútà náà ń lò. Postfix, tí Wietse Venema gbé jáde ní 1998 nígbà tí ó wà ní IBM, ni ó ń bá a pín lẹ́tà. Bí iṣẹ́ òru kan bá dàrú, lẹ́tà a lọ sí "root", ẹni tí ó láṣẹ lórí ohun gbogbo nínú kọ̀ǹpútà. (Àwọn kan ń pè é ní gbòǹgbò, lójú tiwa, baálé ni ó sún mọ́ ọn jù.)

Orúkọ lásán ni "root". Nínú agboolé kan ní Ìjìgbò, "Àjàní" nìkan ti tó. Bí a bá ń kọ̀wé sí i láti Ìbàdàn ni a ó fi orúkọ ìdílé kún un. Postfix kò mọ ìyàtọ̀ yìí. Gbogbo orúkọ lásán ni ó ń fi orúkọ ìdílé kún, inú myorigin ni ó sì ti ń mú un. Bí ó bá jẹ́ orúkọ íntánẹ́ẹ̀tì ilé-ẹ̀kọ́ ni ó wà níbẹ̀, tí kò sì sí nínú mydestination, àkójọ orúkọ tí kọ̀ǹpútà kà sí tirẹ̀, lẹ́tà ti di ti òde nìyẹn. Bí kò bá sí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò dúró títí di ọjọ́ 5 kí Postfix tó dá a padà.

Nínú /etc/postfix/main.cf, a ó kọ:

myorigin = localhost
mydestination = $myhostname, localhost.$mydomain, localhost
inet_interfaces = loopback-only
default_transport = error:ko si ona sode

Ọ̀pọ̀ rò pé ìlà kẹta nìkan ti tó. Kò rí bẹ́ẹ̀: àlejò tí ń bọ̀ láti òde ni ó ń dí lọ́nà, ìlà kẹrin ni kì í jẹ́ kí ará ilé jáde. A kò sì gbọdọ̀ fi orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ sínú mydestination, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà náà bá kọ sí àwọn olùkọ́ yóò há sínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, a ó kọ orúkọ ẹni tí yóò máa ka lẹ́tà náà síwájú "root:" nínú /etc/aliases, a ó pe newaliases, a ó sì tún Postfix bẹ̀rẹ̀. Kí a fi lẹ́tà kan dán an wò, kí a sì wá a nínú /var/mail.